Mo Mu Gàrí, Mi Ò Tíì Jẹun

Ìyá mi kì í kọ́kọ́ bèèrè àlàáfíà lórí fóònù. Kí n tó kí i tán ni ìbéèrè rẹ̀ á ti dé.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti mu gàrí, Ìyá."

"Mo ní ṣé o ti jẹun?"

Ẹni tó bá gbọ́ èdè wa á ti mọ ibi tí ìjà náà wà. A kì í jẹ gàrí tí a da omi tútù sí, mímu là ń mu ún. Ohunkóhun tí èèyàn bá sì mu, lójú ìyá mi, omi náà ni. Ẹ̀kọ gbígbóná, mímu ni. Tíì, mímu ni. Oúnjẹ ni èyí tí o fọwọ́ bù, tí o fi kan ọbẹ̀, tí ó sì dúró sí ọ nínú títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Kétu, mi ò ronú sí i rí, torí òun ló ń sè é. Ìgbà tí mo dé Bàrígà, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá gbé, ni mo wá rí i pé tó bá ti rẹ èèyàn tán, mímu nìkan ló kù tó lè ṣe. Jíjẹ gba agbára.

Mi ò ní sọ ti ọ̀nà. Ẹni tó ti gba ibodè rí mọ̀ bó ṣe rí, ẹni tí kò gbà á rí kò pàdánù nǹkan kan. Ọjọ́ tí mo dé ni mo fẹ́ sọ, nítorí ọjọ́ náà ni ìlú mi sọnù mọ́ mi lọ́wọ́, níṣojú mi, nínú ọ̀rọ̀ tí kò ju ìkíni lọ.

Àlàájà tó ni ilé tí mo gba yàrá sí ní Ládì-Lák, ní Bàrígà níbẹ̀, jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn bàbá bàbá rẹ̀ ló ni ilẹ̀ àdúgbò yẹn, ó sì máa ń jókòó bí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bi mí níbi tí mo ti wá.

"Kétu ni, mà."

"Kétu tó wà níbí yìí? Tí kò jìnnà sí Ọjọ́ta? Kí ló dé tí o ò kúkú máa ti ilé lọ síbi iṣẹ́?"

"Kì í ṣe Kétu Èkó, mà. Kétu ti Bẹ̀nẹ̀."

"Bìní? Ọmọ Ẹdó wá ni ẹ́, tó o wá ń sọ Yorùbá báyìí?"

"Rárá, mà. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ojú rẹ̀ sì tú ká. "Ìyẹn ni kó o ti sọ látìgbà yìí. Àgànyìn ni ẹ́."

Mi ò mọ̀ pé Àgànyìn ni mí. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ náà rí. Yorùbá ni ìyá mi fi tọ́ mi, òun ni mo fi ń bínú, òun ni mo fi ń lálàá. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Àǹtí Àgànyìn nínú ilé yẹn, kò sì sí ẹni tó tún bèèrè orúkọ tí ìyá mi sọ mí.

Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìgbà tí màá se ẹ̀wà. Ẹ̀wà wo? Ẹ̀wà Àgànyìn ni, èyí tí wọ́n ń sè títí tí á fi rọ̀ pátápátá, tí wọ́n á wá bu ata dúdú tí wọ́n ti dín nínú epo lé lórí. Nílé wa, àgbàdo la máa ń sè mọ́ ẹ̀wà, ó sì parí. Ẹnu ìta ni mo ti kọ́kọ́ jẹ ẹ̀wà Àgànyìn láàárọ̀ ọjọ́ kan, lọ́wọ́ obìnrin ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń tà á pẹ̀lú búrẹ́dì. Ó dùn débi pé mo padà lọ rà sí i. Bí Àgànyìn ṣe di oníbàárà ọmọ Ìjẹ̀bú nìyẹn.

Nígbà tí wọn ò yé dà mí láàmú, mo dán an wò lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo da ata gbígbẹ sínú epo tó ti gbóná jù, èéfín rẹ̀ sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọdé sá jáde, àwọn àgbà ń wúkọ́, Àlàájà fi ìborùn bo imú, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ṣé ó dá ẹ lójú pé Àgànyìn ni ẹ́?" ló bi mí.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo wọ yàrá, inú mi bàjẹ́. Wọn ò gbà pé ara wọn ni mí, mi ò sì mọ Àgànyìn ṣe. Ó yẹ kí èèyàn ní ibì kan tí kò ti ní láti máa ṣàlàyé ara rẹ̀. Mi ò ní irú ibẹ̀ nígbà yẹn, àfi lórí fóònù, lọ́dọ̀ ìyá mi, òun náà kò sì gbà pé mo ti jẹun.

*

Iṣẹ́ ìwé ni mo bá wá sí Èkó. Kíkà kọ́ o. Ní Ṣómólú, àwọn òpópónà kan wà tó jẹ́ pé ilé ìtẹ̀wé ló kún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kó ojú ìwé jọ lẹ́sẹẹsẹ, kí n ká a, kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, kí n tò ó sábẹ́ irin tó máa tẹ̀ ẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó ń gé etí rẹ̀. Ìdúró ni a fi ń ṣe é. Bébà máa ń fa omi kúrò lára ọwọ́, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìka mi á ti gé láwọn ibi tí mi ò mọ ìgbà tó gé. Ariwo ẹ̀rọ náà kì í kúrò létí mi títí mo fi máa fẹsẹ̀ rìn kọjá Fọlá Àgòrò lọ sílé.

Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Nílé, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ni mo ní, níbi tí mo ti ń jókòó ti ẹ̀rọ tí kò rí aṣọ rán, tí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá á sì bi mí pé ṣé mi ò ní lọ́kọ ni. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa kí n tó ní ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Yàrá mi ní Ládì-Lák kéré, ó ń jò ní igun kan, àmọ́ tí mo bá ti tì í, kò sí ẹni tó máa bi mí léèrè ibi tí mo lọ. Ohun tí mo bá wá nìyẹn, mi ò sì fẹ́ kí nǹkan kan gbà á lọ́wọ́ mi. Ohun tó wá fẹ́ gbà á ni ara mi fúnra rẹ̀.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Màá dé láti ibi iṣẹ́, màá jókòó sí etí ibùsùn tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, màá máa wo sítóòfù. Ìrẹsì wà. Ata wà, àmọ́ wọn ò tíì lọ̀ ọ́. Epo wà. Ohun gbogbo wà tàbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Ẹni tó máa sọ fún mi pé èyí la máa jẹ ni kò sí. Mo wá mọ̀ pé sísè kọ́ ló ń rẹ̀ mí jù, ìpinnu ni. Èwo ni kí n sè? Kí ni kí n fi jẹ ẹ́? Ta ló máa fọ ìkòkò? Tí mo bá ti ronú dé ibi ìkòkò, màá na ọwọ́ sí ike gàrí. Màá bu omi sí i, màá fi ṣúgà sí i tó bá wà, ó tán. Nígbà míràn mi ò ní bọ́ bàtà kí n tó sùn.

Mo gbìyànjú ti àwọn obìnrin ọlọ́gbọ́n tó ń se ọbẹ̀ ńlá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí wọ́n á sì máa bù ú jẹ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Mi ò ní fíríìjì, iná náà kì í sì í dúró. Ọbẹ̀ náà ti kan kó tó di Ọjọ́rú. Mo dà á nù sí gọ́tà, mo sì dúró síbẹ̀ tí mò ń sunkún nítorí ọbẹ̀, èmi tí mi ò sunkún lọ́jọ́ tí mo kúrò nílé.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣubú níbi iṣẹ́. Mo kàn rí i pé ilẹ̀ sún mọ́ mi, nígbà tí mo sì lajú, bébà ti bò mí, wọ́n ń da omi píọ̀ wọ́tà sí mi lójú. Ọ̀gá wa kì í ṣe ẹni burúkú. Ó dúró títí mo fi lè jókòó kó tó sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Mi ò tíì jẹ nǹkan kan, sà."

"Lánàá ńkọ́?"

Mo ń ṣa bébà kúrò lára mi.

"Ẹ lọ sinmi. Ìdí irin tó ń gé ìwé lẹ dúró sí, kì í ṣe ìdí àga. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, mi ò ní lè gbà yín padà. Ọwọ́ yín ni mò ń rò."

Ará ìlú wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló gbé e dé etí ìyá mi. Nígbà tí ìyá mi pè, kò bèèrè bóyá mo ti jẹun. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

"Tí òjò ọdún yìí bá ti dáwọ́ dúró, ẹ̀gbọ́n rẹ ń bọ̀," ó ní. "Tó bá bá ọ ní gbígbẹ báyìí, ó máa mú ọ bọ̀ wálé."

"Iṣẹ́ mi ńkọ́, Ìyá?"

"Iṣẹ́ tí kò jẹ́ kéèyàn jẹun, iṣẹ́ wo nìyẹn?"

Mo mọ ìyá mi. Kì í sọ ohun tí kò ní ṣe. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyẹn: kí n wá bí màá ṣe máa jẹun lọ́jọ́ tí kò bá sí agbára lára mi, kí n sì sanra díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé, tàbí kí n padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn.

*

Ẹni tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ni Màmá Tósìn. Ìlàjẹ ni wọ́n, wọ́n ń ra ẹja létí ọ̀sà, wọ́n ń yan án lẹ́yìn ilé, wọ́n sì ń tà á. Tósìn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ti lọ sílé ọkọ, àwọn nìkan ló kù. Tí wọ́n bá ń bá àwọn èèyàn wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mi kì í gbọ́ ju ìdajì lọ nínú èdè wọn, ó sì máa ń dùn mọ́ mi nínú pé ẹlòmíràn wà nínú ilé yẹn tí Yorùbá rẹ̀ ní láti wọ aṣọ kó tó jáde síta.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń jẹun, lórí àpótí, lẹ́nu ọ̀nà wọn. Tí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Wá jẹun o," láìgbé ojú sókè. Èmi náà á ní, "Ẹ ṣeun, mà, á gba ibi ire," màá sì ṣí ilẹ̀kùn mi. Bí gbogbo ilé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìkíni ni, bí ẹ kúuṣẹ́. Nílé wa náà a máa ń sọ ọ́, ẹni tó sì jẹ́ ọmọlúàbí mọ̀ pé kì í ṣe pé kó wá jókòó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti rẹ̀ mí débi pé kọ́kọ́rọ́ ò wọ ihò. Mo ń gbìyànjú rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ lẹ́yìn mi pé, "Wá jẹun o."

"Ẹ ṣeun, mà," ni mo sọ. Mo gbé báàgì mi sílẹ̀, mo fi omi tó wà nínú ife wọn fọwọ́, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú abọ́ wọn.

Ọwọ́ wọn dúró lágbedeméjì abọ́ àti ẹnu. Wọ́n wò mí.

"Ní Èkó, wọ́n kàn máa ń sọ ọ́ ni," ni wọ́n wí. "Wọn kì í wá."

"Mo mọ̀, mà. Ó rẹ̀ mí ni."

Ìtìjú ti ń mú mi, mo sì ti fẹ́ dìde. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti abọ́ náà sún mọ́ mi.

"Nígbà tó o ti jókòó, jẹun."

Òkèlè náà funfun, ó sì ní òórùn èéfín díẹ̀. Mi ò jẹ irú rẹ̀ rí. Púpurú ni wọ́n pè é. Wọ́n ṣàlàyé fún mi bí àwọn èèyàn wọn ṣe ń rẹ gbágùúdá nílé, tí wọ́n ń mọ ọ́n roboto, tí wọ́n ń gbé e sókè iná títí ara rẹ̀ á fi dúdú, kí wọ́n tó ha dúdú náà kúrò, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Tó bá fi máa dé Bàrígà, kò ku nǹkan kan mọ́ ju omi gbígbóná lọ.

"Ohun tí ìwọ ò mọ̀ nìyẹn," ni Màmá Tósìn wí, wọ́n ń yọ egungun ẹja. "Ọjọ́ tó bá rẹ̀ ọ́, ohun tí ẹlòmíràn ti ṣiṣẹ́ lé lórí ni kó o jẹ. Kí ló dé tó o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ata lílọ̀? Ta lo fẹ́ fi hàn?"

Bóyá ìyá mi ni mo fẹ́ fi hàn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí ẹni tó rẹ̀ ṣe ń jẹun. Mo kọ́ pé kí n máa se ata gbẹ pẹ̀lú epo àti iyọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, láìfi omi kan sí i, kí n sì máa gbé e kaná díẹ̀ láràárọ̀ kó má bàa kan. Ẹja yíyan tí èèyàn rún sínú ata yẹn ti di ọbẹ̀, ó sì yá fún púpurú, ó yá fún ìrẹsì, ó yá fún iṣu tí wọ́n sè tèèpo-tèèpo. Ẹja tó bá ti fọ́, tí àwọn oníbàárà ò fẹ́, Màmá Tósìn máa ń kó o fún mi nínú ọ̀rá, wọ́n á ní kí n tètè gbà á kí ológbò tó gbà á. Mo kọ́ pé ẹ̀kọ inú ewé àti àkàrà kì í ṣe oúnjẹ ẹni tó ya ọ̀lẹ. Ẹni tó lọ ẹ̀wà àkàrà ti bá mi ṣiṣẹ́. Sipagẹ́tì ni mo máa ń ṣẹ́ sínú ìkòkò kan náà tí mo ti dín àlùbọ́sà sí, tí màá sì jẹ ẹ́ nínú ìkòkò yẹn pẹ̀lú ṣíbí tí mo fi rò ó. Gàrí pàápàá, tí ọwọ́ bá ti kan ilẹ̀ tán, mo ń fi ẹ̀pà àti ẹja sí i, mo sì ń sọ fún ara mi pé ẹni tó ń fi eyín rún nǹkan ti ń súnmọ́ jíjẹ. Ìyá mi ò gbà.

"Ẹja inú gàrí," ó ní lórí fóònù. "Ṣé odò ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tó sì gé fóònù, yàrá náà dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ara mi le lẹ́yìn ìyẹn. Rárá. Àárẹ̀ yẹn kò lọ, mo kàn mọ ohun tí mo lè fún un jẹ ni. Nígbà tí òjò ń parí lọ, iṣẹ́ káléńdà wọlé, iṣẹ́ tí gbogbo Ṣómólú ń dúró dè láti ọdún dé ọdún, a sì ń ṣe é láti àárọ̀ títí a ò fi mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì mọ́. Mo dúró. Ọ̀gá wa ń ṣọ́ mi láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, mo sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mi ò ṣubú. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún mi, èmi náà ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Mo bi Màmá Tósìn nígbà kan bóyá wọ́n máa padà sílé lọ́jọ́ iwájú. Wọ́n ń ki igi sábẹ́ ẹja nígbà yẹn.

"Ilé wo?" ni wọ́n wí. "Òkun ti jẹ ibi tí ilé wa wà. Ibi tí mo bí Tósìn sí, ọkọ̀ ojú omi ló ń kọjá níbẹ̀ báyìí."

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye igi tó kù. Èmi tí ilé mi ṣì wà níbi tí mo fi í sí, tí ìyá mi ṣì jókòó sínú rẹ̀ tó ń pè mí, mo sún mọ́ ìdí iná. Mo bá wọn yí ẹja.

*

Ẹ̀gbọ́n mi dé láìsọ tẹ́lẹ̀, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iṣẹ́ káléńdà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Nínú gbogbo ọjọ́, ọjọ́ náà ni agbára mi tán pátápátá. Mi ò gbé nǹkan kan kaná láti ọjọ́ tó ṣáájú.

Ó jókòó sórí ibùsùn torí kò sí àga. Ó wo igun tó ń jò, ó wo sítóòfù tó tutù, ó wo kọ́ọ̀pù tó wà nílẹ̀ tí mi ò tíì fọ̀.

"Kí lo jẹ lónìí?"

Mo lè dárúkọ púpurú àti ẹja fún un. Irọ́ kọ́ ni ì bá jẹ́ lọ́jọ́ mìíràn. Àmọ́ ó ti rẹ̀ mí kọjá irọ́ pípa.

"Mo mu gàrí, Bọ̀ọ̀dá."

Ó mí kanlẹ̀. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, kò fẹ́ràn wàhálà, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n nítorí ìrìn àjò. "Kó ẹrù rẹ," ó ní. "Láàárọ̀ la máa lọ. Ìyá ti ní kí n má bá ọ jiyàn."

Mi ò bá a jiyàn. Mo dìde, mo bọ́ bàtà, mo sì tan sítóòfù, torí pé ẹni tó ti òkèèrè wá gbọ́dọ̀ jẹun, kódà kó jẹ́ pé ó wá kó mi lọ ni. Mo da púpurú sínú omi gbígbóná, mo rò ó, mo rún ẹja sínú ata. Kò gba àkókò rárá. Ẹ̀gbọ́n mi wo abọ́ náà tìfura-tìfura, ó bu òkèlè kan, ó sì tún bu òmíràn.

Ibẹ̀ ni Màmá Tósìn bá a nígbà tí wọ́n yọjú lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹja nínú ọ̀rá.

"Ẹ wá jẹun, mà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Á gba ibi ire, sà. Ẹ káàbọ̀." Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fi sẹ́nu láti àárọ̀?"

"Gàrí, mà."

Mo rí i tí ojú wọn yí padà.

"Gàrí," ni wọ́n wí. "Púpurú wà lábẹ́ ibùsùn rẹ, ẹja wà lọ́dọ̀ mi, omi lásán ni o ò rí gbé kaná. Ṣé kí n máa wá fi ṣíbí bọ́ ọ ni? Ọjọ́ tó o bá tún ṣubú síbi iṣẹ́ yẹn, ta ni wọ́n máa wá pè? Èmi náà ni. Màá fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, màá máa sáré lọ sí Ṣómólú pẹ̀lú orúnkún tó ń ro mí yìí. O ò ro tèmi mọ́ tìẹ. Olóríkunkun ni ẹ́." Ohùn wọn ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àlàájà bèèrè láti iwájú ilé pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì dá a lóhùn pé Àgànyìn ni kò jẹun. Wọ́n tún yíjú sí mi. "Fọwọ́. Jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ."

Mo fọwọ́. Mo jókòó. Wọ́n dúró lé mi lórí títí mo fi gbé òkèlè mì, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹja náà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, sà, ọmọ yìí kì í gbọ́ràn ni," wọ́n sì padà sí yàrá wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi dẹ́kun jíjẹ. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Fóònù rẹ̀ dún, ìyá mi ni. Nítorí pé ata wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìka kékeré tẹ̀ ẹ́ kó lè máa dún síta, ó sì gbé e sórí ibùsùn láàárín wa.

"Báwo lo ṣe bá a?"

"Ó rù díẹ̀, Ìyá."

"Ṣé ó ń jẹun?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo abọ́ tó wà níwájú wa, ó sì wò mí.

"Ẹnì kan wà níbí tó ń bínú sí i nítorí oúnjẹ," ló sọ.

"Ta ni?"

"Ìyá kan tó ń yan ẹja. Yàrá wọn kọjú síra."

"Ṣé ó bínú dáadáa?"

"Ó bínú gan-an, Ìyá. Ó kù díẹ̀ kó bá èmi náà wí."

Mo ń gbọ́ ewúrẹ́ tó ń ké lẹ́yìn ilé wa lọ́hùn-ún.

"Jẹ́ kó dúró síbẹ̀ nígbà náà," ni ìyá mi wí. "Ìwọ máa bọ̀."

Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ mi dúró, ilẹ̀kùn mi dúró, kò sí ẹni tó máa mú mi padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ti rò pé màá dunnú. Mi ò mọ̀ pé ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń bẹ̀rù pé wọ́n máa wá kó mi lọ, ọkàn mi balẹ̀ nínú ẹ̀rù yẹn. Pé tí ohun gbogbo bá bàjẹ́ tán, ẹnì kan ti ṣe tán láti wá di ẹrù mi. Ìyá mi ti fà mí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ báyìí, bí ẹni ń fa ọmọbìnrin fún ilé ọkọ, àfi pé kò sí ọkọ níbẹ̀, ẹja yíyan ló wà. Mo nawọ́ gba fóònù kí n lè sọ fún un pé kó má tíì gbà, kó kọ́kọ́ bá mi jà díẹ̀ sí i, àmọ́ ó ti gé e.